Ìkòkò Ọ̀wẹ̀ Talatu

Ẹ̀yìn Táíwò Road,
Ìlọrin.
18 Oṣù Karùn-ún, 1974.

Ìdòwú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà l'Ọ́mù-Àrán? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò ńkọ́, ṣé ó ṣì ń parọ́? Ara tiwa náà le. Eyín mi ló ń dín kù, ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò dín.

Ọ̀rọ̀ Olúdáre ọmọ rẹ ni mo fẹ́ sọ. O ní kí n múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, kó má tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bi í léèrè bí ìjọba ṣe lè dín òṣì kù. Háà! Gẹ̀ẹ́sì tó tú jáde, bí a bá fi kọ́ ilé, yóò ga ju ti gómìnà lọ. Kò sì sí tálákà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Èmi náà wá ṣe bí bíṣọ́ọ̀bù. Mo ní àwọn baba wa ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹni lọ, a ó bẹ ọ̀wẹ̀, àdúgbò á bá wa ṣe é, àwa á sì bọ́ wọn. Ó parí!

Nígbà tó di Sátidé, ó lọ bá ìyàwó mi ra ẹ̀wà l'Ókè-Òyì. Ó bá àwọn ènìyàn lórí òrùlé kan, wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, atẹ́gùn ti ká òrùlé opó kan tó ń jẹ́ Talatu lọ, bẹẹrẹ tirẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó bi Mùkáílà, aládùúgbò obìnrin náà tó wà lára àwọn tó ń bo òrùlé, pé kí ló dé tí wọn kò bo tirẹ̀.

Mùkáílà ní, "Kò bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ ni."

Talatu pariwo láti inú ilé: "Kí n bẹ̀ yín, kí n fi omi lásán bọ́ yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń béèrè ẹran kí ẹ tó gun òrùlé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀.

Olúdáre délé, ó ní, "Bàbá, ẹni tó nílò ọ̀wẹ̀ jù lọ ni kò lágbára àtibẹ̀ ẹ́."



Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ fún àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní GRA lọ́jọ́ ìdánwò. Ó ní ọwọ́ kò wọ́n ní abúlé. Kí ìjọba máa pèsè oúnjẹ ọ̀wẹ̀ fún aláìní, iṣẹ́ á di ṣíṣe láìsí kọngilá agbaṣẹ́ṣe kankan. Alága wọn, tó wọ kóòtù nínú ooru yìí, ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé o fẹ́ sọ ìjọba di olóńjẹ ni?"

Ọmọ rẹ dáhùn pé, "Ọ̀gá, ìjọba kúkú ń se oúnjẹ fún àwọn ẹni ńlá tó bá wá ṣí ilé tuntun."

Ìdòwú, ẹnu rẹ ló jogún. Ó padà wálé, ó ní ó tún ti bàjẹ́, kò fẹnu kan oúnjẹ. Mo ní bó bá ti bàjẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká jẹ́ kí ó bàjẹ́ síbi tó dáa. A di ẹ̀wà, epo àti gààrì, a gbé ìkòkò ńlá ìyàwó mi, ó di Òkè-Òyì. Ẹ̀wà kò tíì jiná tí Mùkáílà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi wà lórí òrùlé Talatu. Wọ́n ń kí Olúdáre ní ọ̀gá ìjọba. Ó ní, "Èmi kọ́. Ìyá ló bẹ̀ yín. Àwa kàn bá wọn gbé ìkòkò ni." Talatu tún gèlè wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n to bẹẹrẹ rẹ̀ dáadáa, bí ọlọ́wẹ̀ gidi.

Lánàá ni ìwé ìjọba dé: wọ́n ti gbà á síṣẹ́! Má retí àga tó ń yí o. Kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò fún un, àwọn abúlé ni yóò sì máa yí ká.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ará ilé. Bí o bá ń bọ̀ wá bá wa yọ̀, jọ̀ọ́, gbé ìkòkò kan dání. Tiwa kò tíì padà dé. Talatu ní opó mìíràn ti yá a, ó fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Olúyẹmí