Èjí Mi Ti Lọ

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ṣadé ọmọ ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Eyín tuntun ti dé ẹnu mi. Ó funfun, ó ń dán bí abọ́ tánganran tí a kì í gbé jáde àfi fún àlejò. Ṣùgbọ́n èjí mi ti lọ.

Mo ṣubú ni, eyín iwájú mi méjèèjì kán. Dókítà rin ìyókù kù díẹ̀, ó ní òun máa fi tánganran dé wọn bí ẹni dé fìlà. Ó kó eyín oríṣiríṣi àwọ̀ síwájú mi, pé kí n mú èyí tó jọ tèmi. Mo ní kó wá èyí tó ti jẹ obì dàgbà. A jọ rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ti èjí?

Lónìí ló gbé dígí fún mi. "Màmá, mo ti bá yín dí àlàfo yẹn pa!" Inú ọmọ náà ń dùn. Mo ní, "Ẹ ṣé o, dókítà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ìwọ ní wọ́n lè fọ́ ọ, kí wọ́n ṣe òmíràn tó ní èjí. Èjí àgbẹ́! Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó lọ gbẹ́ èjí ṣe yẹ̀yẹ́ ní àdúgbò Paparanda...

Ìyá mi kò ya fọ́tò rí títí ó fi kú. Bí àárò rẹ̀ bá ń sọ mí, iwájú dígí ni mo máa ń lọ. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì rí i.

Mo rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ yìí títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Ìyá mi kò yọjú.