Ibi tí Java Ń Gbé

Ọjọ́bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́.

Alihamudulilahi. Àfikún tí mo kọ sí ètò ọ́fíìsì orí kọ̀ǹpútà láti máa tẹ káàdì ọmọ tuntun ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Igbó-Ọrà. Nílé mi ní Èrúwà, kò yọ mí lẹ́nu rí. Orí kọ̀ǹpútà tiwọn ló ti kọ̀ jálẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Kọ̀ǹpútà wọn ni mo ń bú, àṣé èmi ni. Mo ti kọ ibi tí Java, ètò tí àfikún mi fi ń ṣiṣẹ́, wà lórí ẹ̀rọ tèmi sínú àfikún náà, bí ẹni pé ibì kan náà ló ń gbé lórí gbogbo ẹ̀rọ.

Màmá Ìdòwú tó ń tọ́jú fáìlì bi mí pé kí ni mò ń wá kiri. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Bí mo bá fẹ́ lọ kí ìyá ìkókó, mo máa ń kọ́kọ́ bi ará ilé rẹ̀. Ó lè ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Mo bá ṣí ààtò ètò ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀. Fódà tó ti ń mú Java wà níbẹ̀ kedere. Ní báyìí, àfikún mi á kọ́kọ́ bi ètò ọ́fíìsì náà ní ibi tí Java wà.

Ìyá ìbejì kan tó ti jókòó láti àárọ̀ gba káàdì méjèèjì. Ó ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá." Mo ní Màmá Ìdòwú ni kó kí.