Ẹja Méjì Tí Mo Fi Ṣe Ẹ̀rí Nítorí Ọwọ́ Chinatsu

Chinatsu ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Kí òrìṣà òkun tó ń sin ọkọ̀ wa lọ tó ń sin ín bọ̀ máa ṣọ́ ẹ ní ìlú Hakata, kí ọ̀bẹ má gé ẹ lọ́wọ́, kí ariwo àwọn ará ilé yín má gba oorun lójú ẹ. Màmá ẹ ń kí ẹ. Èmi náà wà, mi ò tíì pé ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó ń fa àwọ̀n bíi tèmi ní gbogbo erékùṣù yìí. Tó o bá gbọ́ nǹkan míì, irọ́ ni.

Mo rí fọ́tò ìwé ìpín-iṣẹ́ ilé oúnjẹ yín tó o fi sórí fóònù. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Orúkọ ẹ̀yin obìnrin wà nínú àwọ̀ píǹkì, ti àwọn ọkùnrin wà nínú búlúù, mo wá ń fọ́nnu kiri èbúté pé ọmọ mi mọṣẹ́ débi pé wọ́n fi àwọ̀ òdòdó ṣe orúkọ ẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Màmá ẹ já fóònù gbà, ó ní Bàbá Chinatsu, orí ẹ ò pé, píǹkì ni ọ̀sán, ọ̀sán ni wọ́n ń fọ abọ́. Búlúù ni ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dúró ní káńtà gé ẹja tútù tí oníbàárà ń jẹ láìsè. Ó ní o ti kọ́ṣẹ́ fọ́dún mẹ́ta, wọn ò fi ẹ́ sí ìrọ̀lẹ́ rí, ọmọkùnrin tó dé lóṣù tó kọjá sì ti ń gé ẹja. Ó ní Iwanaga ọ̀gá ẹ ló sọ pé ọwọ́ obìnrin máa ń gbóná, pé ó ń ba ẹja tútù jẹ́.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ọpọlọ mi ju ti yunifásítì lọ. Mo pe ilé oúnjẹ yín. Obìnrin kan gbé e, ó ní kí n sọ̀rọ̀ tí mo bá ti gbọ́ ìró. Mo sọ̀rọ̀ títí tíì mi fi tutù, kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọlúàbí ni. Tó o bá rí i, bá mi kí i.

Mo wá lọ gba fọ́ọ̀mù àwọn tó ń gbẹ́jọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kí n so ẹ̀rí mọ́ ọn. Mo yá nǹkan tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà, mo wọn ọwọ́ gbogbo èèyàn ní èbúté. Ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń la ẹja tutù bí yìnyín, tàwa ọkùnrin ló gbóná. Àwọn obìnrin fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n ní ká kúrò nídìí ẹja àwọn. Èmi àti màmá ẹ di ẹja kọ̀ọ̀kan mú títí rédíò fi ka ìròyìn ojú ọjọ́ tán. Mo kọ Bàbá sára ọ̀kan, mo kọ Màmá sára èkejì, mo kó wọn sínú àpòòwé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, mo fi ránṣẹ́. Kí wọ́n gbóòórùn méjèèjì kí wọ́n dájọ́. Ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ bi mí bóyá nǹkan tó lè bàjẹ́ ni, mo ní rárá o, òtítọ́ ni.

Bá a ṣe ń padà sílé, màmá ẹ dúró lójú ọ̀nà. Ó wá bi mí pé ṣé Iwanaga nìkan ló ń dí ẹ lọ́nà. Ó ní nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó máa wọkọ̀ lọ pẹja sára pátákó? Ó ní ojoojúmọ́ lo ń dúró létí omi, èmi sì ní òkun ò fẹ́ obìnrin, mo ń mú Ryohei àbúrò ẹ, tó máa ń bì lọ bì bọ̀. Chinatsu, èmi ni mo ń kọ ọ́. Tí mo bá ń tú okùn ọkọ̀ láàárọ̀, ibi tó o máa ń dúró sí ni ojú mi máa ń lọ. Mo rò pé àárò ẹ lásán ni.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó. Má fi í gba inú ẹ̀rọ báńkì o, ó ní kí n dúró díẹ̀, mo dúró títí wọ́n fi tilẹ̀kùn.

Mi ò ní kó o fi Hakata sílẹ̀. Jà fún ìrọ̀lẹ́ ẹ, má gbà fún wọn. Àmọ́ Mọ́ńdè tí ẹ kì í ṣiṣẹ́, mo ti kọ orúkọ ẹ sára pátákó, Mọ́ńdè gbogbo. Ryohei ní ọpẹ́ ni. Òkun á gbé ẹ wá, òkun á gbé ẹ padà, wàá dàgbà, wàá dọ̀gá. Tó ò bá wá, mi ò ní mú ẹlòmíì. Èmi nìkan ni màá fa àwọ̀n yẹn.

Èmi ni bàbá ẹ,
Tatsuo.