Ohun Tó Dá Mọ́tò Bàbá Dúró ní Ọ̀nà Àkúrẹ́

Òdòjọmù,
Oǹdó.

Ọlọ́runníyì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì ò mú yín jù? A kú ará-fẹ́-ra-kù Màmá wa. Ọlọ́run yóò tù wá nínú. Ìwé ni mo kọ, torí o ò gbé fóònù mi mọ́ láti ọjọ́ tí o ti sọ fún Bàbá pé, "Mọ́tò jákujàku yín lẹ fi pa ìyá mi."

Mo wà nínú mọ́tò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá ò lè mí dáadáa, dókítà sì ní ká máa gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́ kíákíá. Mo ní ká háyà takisí. Màmá ló kọ̀. Wọ́n ní, "Mọ́tò ọkọ mi ni n ó wọ̀."

A ò tíì dé Ọ̀wẹnà tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, tí èéfín funfun ń rú gùdù lẹ́yìn wa. Bàbá dúró kó tutù, wọ́n rọ omi sí i, a tún gbéra. Kò pẹ́ tí mọ́tò náà fi kú pátápátá. Mo bọ́ sí títì, mo ń juwọ́, mo ń pariwo. Ńṣe ni ọkọ̀ ń yà fún mi. Nígbà tí awakọ̀ kan tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá dúró, a gbé Màmá síwájú, Bàbá gun orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn. A ti ń rí òrùlé Àkúrẹ́ nígbà tí Màmá bi mí pé, "Títí, ṣé bàbá yín di nǹkan mú?" Wọn ò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Bọ́láwálé, mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé wa, ti tú ẹ́ńjìnnì náà. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, pẹlẹbẹ kan tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná pàdé. Ọ́ìlì tó rọ̀ jáde dà bíi tíì onímílíìkì. Ó ní ooru ló ń bà á jẹ́: bí omi bá dínkù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, irin orí á tẹ̀, àlàfo á ṣí, omi á máa gba ibẹ̀ wọlé. Oṣù tó kọjá ni Bàbá tún un ṣe ní Àkúrẹ́. Ẹni tó ṣe é fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé irin tó ti tẹ̀, kò kọ́kọ́ fá irin náà kó tẹ́jú. Ojú Bàbá ò lè rí ìyẹn.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ọlọ́runníyì ló sọ òótọ́." Wọn ò jẹun. Ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń fi àkísà nu irin tó ti mọ́.

Àbúrò mi, èmi náà ń wá ẹni tí n ó bínú sí. Kì í ṣe Bàbá. Sátidé tó ń bọ̀ la ó sin Màmá. Máa bọ̀ nílé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹ lójú ọ̀nà. Irú ẹkún yìí ò ní í tún wọlé wa mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Títílayọ̀.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Bàbá ní àwọn ò ní í wọ mọ́tò kankan lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀lé pósí láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ ọ́, wá bá wọn rìn.