Wọ́n Kọ̀wé sí Olùtọ́jú Ọkọ̀

Bryn Celyn,
Cwm Hesg.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Heledd, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Cardiff. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà Kérésì ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run tí ìyá rẹ sìn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pé kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmín. Níbí, a dúpẹ́. Àwọn àgùntàn ti bímọ tán, mẹ́rin bí ìbejì. Etí Mot kan ti di, ti apá ọ̀tún, nítorí náà bí mo bá pè é, apá òsì ló máa ń sáré sí, ajá náà á wá dúró lórí òkè, á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni ti mọ́tò ìyá rẹ. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o ní kí n má pariwo, ṣùgbọ́n Cardiff jìnnà, bí èèyàn ò bá gbé ohùn sókè, báwo ni ọ̀rọ̀ á ṣe débẹ̀. O ní kí n san owó ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí náà kí n sì panu mọ́, pé bàbá tí kò lè ka àkọlé ara ògiri kò yẹ lẹ́ni tó ń wakọ̀ mọ́, pé bí o bá dé ní oṣù Kẹjọ, a ó jọ wá ẹni tó máa ra mọ́tò náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni bọ́ọ̀sì ń dé Cwm Hesg. Bí mọ́tò bá lọ, èmi àti Mot ni ká máa wo ojú ara wa. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó, kí n kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí lórí fóònù o kò jẹ́ kí n débi tó dùn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ni, ọjọ́ tí a kó ẹrù kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì Bethania. Wọ́n ti tà á, o mọ̀. Ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di ilé tí àlejò ń sùn, wọ́n ní orí pẹpẹ ni ilé ìwẹ̀ máa wà. Ìjọ ní kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ǹṣì wá san pọ́ùn mẹ́wàá kó gbé e. Tíṣà Beti, tó kọ́ ọ ní ABD, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún báyìí, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rẹ́jísítà, tó ń kọ orúkọ ẹni tó gbé nǹkan, ohun tó gbé, àti aago tó gbé e. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ aago o. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó lọ sí Bethania, mo kọ́kọ́ wakọ̀ lọ ra búrẹ́dì ní Pontyrhelyg, ní ilé ìtajà ńlá tí wọ́n kọ́ síbi tí iléeṣẹ́ wàrà wà tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wọlé. N ó sọ òótọ́ fún ọ: ríra búrẹ́dì kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n mo lo ìṣẹ́jú márùndínlógójì níbẹ̀. Ibi tí mo máa ń gbọ́kọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni pèpéle tí a ti máa ń sọ garawa wàrà kalẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa lọ́rì wàrà wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ọ̀pọ̀ ìlú tó fọ ojú. Fèrèsé tí ìyá rẹ ti ń yẹ wàrà wò wà lókè, níbi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ ìtajà jọ sí báyìí. Fìlà funfun ni àwọn tó ń yẹ wàrà wò máa ń dé. Bí mo bá pẹ́, á fi pẹ́ńsùlù kan gíláàsì, kò-kò-kò, á na ìka sí aago. Kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, mo ti mọ ìró pẹ́ńsùlù rẹ̀. Mo wá ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni. Nítorí náà bí mo bá ra búrẹ́dì tán, mo máa ń jókòó díẹ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn jókòó ni.

Mo kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo lọ sí Bethania, a ń gbẹ́rù. Mo ra bẹ́ǹṣì wa, ìkẹrin láti iwájú, lápá fèrèsé. Àwọn ọkùnrin méjì bá mi gbé e, a fi okùn dè é mọ́ orí mọ́tò dáadáa. Bó ṣe di aago méjì, wàrà tí a fẹ́ fi mu tíì tán. Tíṣà Beti wo gbogbo wa yíká, ó ní, “Idwal, ìwọ ni wàrà bọ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Lọ ra wàrà wá.” Ta ni yóò bá a jiyàn? Mi ò lè máa tú okùn, nítorí náà mo gbé bẹ́ǹṣì lórí padà sí Pontyrhelyg, máìlì méje, mo ra wàrà, mo sì jáde ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Lára ike wàrà náà ni wọ́n kọ ibi tó ti wá sí. Ọ̀nà jíjìn ni. Ní ilẹ̀ tí wàrà ti ń ṣàn bí odò nígbà kan, wọ́n ń fi lọ́rì gbé e wá láti ilẹ̀ àwọn ẹlòmíì.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti iléeṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà náà. Heledd, bí mo ṣe ṣí i, inú mi dùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ìwé yìí wà fún Olùtọ́jú Ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, èmi ni mo ń fọ mọ́tò náà ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo ń fi ọ̀rá pa ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má baà dún, kò sẹ́nì kan tó tíì sọ pé Idwal, o kú ìtọ́jú. Àwọn àjèjì ló rí i. Wọ́n tún fi fọ́tò méjì ránṣẹ́, ti ìgbà tí mo wọlé àti ti ìgbà tí mo jáde. Fìlà mi jókòó dáadáa nínú èkíní. Mo gé méjèèjì, mo fi wọ́n sórí ibi ìdáná.

Ìgbà tí mo wá kà á dé ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n ń bèèrè, ṣùgbọ́n pé bí mo bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n á gbà á ní ọgọ́ta. Mo rò pé ọjà ni wọ́n ń dín owó rẹ̀ kù. Mo ní mi ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Àfìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta kó tó yé mi pé wọ́n ní mo gbọ́kọ̀ síbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tó jẹ́ wákàtí méjì ni wọ́n ń fún èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo pè ọ́.

Mo lọ bá Nerys ní ilé ìkàwé, ó ṣí kọ̀ǹpútà fún mi láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ní ẹjọ́ tèmi kì í ṣe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi, ó ní orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ bi mí bóyá ènìyàn ni mí. Mo ní kó sọ fún un pé ọmọ Prydderch ti Bryn Celyn ni mí, kó bi ẹnikẹ́ni. Ó ní rárá, fọ́tò tí afárá wà ni kí n yàn. Mo yan mẹ́ta, ẹ̀rọ ní ó ku ọ̀kan, èmi ní ìyẹn kì í ṣe afárá, òpó gọ́tà ni wọ́n gbé ilẹ̀ lé. A fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n ṣàlàyé ara mi nínú àpótí kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo gba iṣẹ́ lọ́rì, bí mo ṣe dé ọdún 1971 ni wọ́n ní àpótí ti kún.

Èsì dé sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Nerys tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ Má-Dá-Mi-Lóhùn. Orúkọ yẹn bà mí nínú jẹ́, mo ní irú òbí wo ló sọ ọmọ báyìí. Ó ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò, fọ́tò wà, mọ́tò wọlé láàárọ̀, ó jáde lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ti parí, ọgọ́ta náà sì ti kọjá, ọgọ́rùn-ún ni báyìí. Ó ní ọ̀nà kan ló kù: ẹni kan wà tí kì í ṣe tiwọn, tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú èyí, kí n kọ̀wé sí i, kí n sì mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí wo? Mo jókòó ní kíṣìnì títí tíì mi fi tutù. Mo fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì, mo ní bóyá òótọ́ ni Heledd sọ, bóyá mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí márùn-ún lóòótọ́ tí mi ò mọ̀. Bí èèyàn bá ń rántí, ta ló ń ka aago? Ẹ̀rù ohun yẹn bà mí ju owó lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo kó ìwé àti fọ́tò lọ bá Tíṣà Beti, mo ní, “Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ kàwé.” Ó gbé awò ojú rẹ̀ méjèèjì wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Ó wo fọ́tò àárọ̀, ó wo ti ọ̀sán. Ó ní, “Idwal, níbo nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti ń ta bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì?”

Mo wò ó. Fìlà mi ni mo ti ń wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, Heledd, mi ò gbójú sókè. Mọ́tò tó wọlé láàárọ̀ kò ru nǹkan kan. Èyí tó jáde lọ́sàn-án ru bẹ́ǹṣì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Rẹ́jísítà sì wà: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Idwal Prydderch, bẹ́ǹṣì kan, ó san. Ojú ẹ̀rọ rí ìwọlé àkọ́kọ́ àti ìjáde ìkẹyìn, kò rí ohun tó wà láàárín.

Nerys ya fọ́tò ojú ìwé rẹ́jísítà náà, a fi ránṣẹ́ sí onídàájọ́ pẹ̀lú fọ́tò méjèèjì. Tíṣà Beti náà dá lẹ́tà Má-Dá-Mi-Lóhùn padà fún un, ó ti fi bírò pupa tún gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, ó fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, onídàájọ́ kọ̀wé pé mo jàre, kí wọ́n pa ìtanràn náà rẹ́. Kíá ni mo lọ fọ mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjọ́rú ni.

Mo kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ onífọ́tò náà, torí ìwà ọmọlúàbí ló dára. Mo sì bẹ̀ wọ́n pé níwọ̀n bó ti jẹ́ pé wọ́n ń ya gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, kí wọ́n bá mi wo inú àpótí wọn fún oṣù Karùn-ún ọdún 1974, ní nǹkan bí aago mẹ́fà òwúrọ̀ ku díẹ̀, bóyá wọ́n á rí ọmọbìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, tó kó irun sínú fìlà funfun. Mo ní n ó san owó fọ́tò náà. Èsì wọn dé lánàá. Èèyàn ló kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó fọwọ́ sí i, Sandra. Ó ní ó dùn òun gan-an, oṣù méjìlá péré ni àwọn ń tọ́jú fọ́tò, ó sì bi mí bóyá mo padà fẹ́ ọmọbìnrin náà. Mo ti dá a lóhùn. Ojú ìwé mẹ́fà ni.

Nítorí náà mọ́tò ń bẹ, a kò tún ní sọ̀rọ̀ títà mọ́. Rọ́bà wáípà rẹ̀ ló ti gbó. Jọ̀ọ́, fi ọgbọ̀n pọ́ùn ránṣẹ́ sí mi, inú àpò lẹ́tà ni kó o fi sí, má fi sí báǹkì, wọ́n ti ti báǹkì Pontyrhelyg, inú ọkọ̀ ló ti ń wá báyìí ní Ọjọ́bọ̀, èmi kò sì lè gbé owó fún báǹkì tó ní táyà, tó lè ṣíná kó máa lọ.

Ọmọ mi, ọ̀nà rẹ kò ní dí. Àárọ̀ rẹ á dára, alẹ́ rẹ á sàn jù ú lọ. Ibikíbi tí ọkàn rẹ bá ti fẹ́ dúró díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ pé kí lo dúró ṣe.

Èmi ni bàbá rẹ,
Idwal Prydderch.