Ẹ Má Fọwọ́ Kan Wáyà Àpótí Ohùn Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi, nínú gbogbo ayé, èmi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ṣojú ẹ̀ kòrókòró. Ẹ wà ní balùwẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà yín ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ara ẹ̀, gbogbo ilé mì tìtì! Bó ṣe tàn padà báyìí, kò gbọ́ èdè àpótí tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́. Nínú ojú ihò máíkì mẹ́jọ, méjì péré ló ń gbọ́ ohùn. Àwọn akọrin yín sì ń bọ̀ lọ́sàn-án.

Ètò inú àpótí yẹn ló ti gbó, mo ti ń kó tuntun sí i. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe lọ́wọ́. Mo mọ̀ yín: bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ẹ ó fa wáyà yọ, ẹ ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sápò lónìí. Tí ẹ bá fà á pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn, ẹgbẹ̀rún ọ̀gá oníṣẹ́ ẹ̀rọ ò lè jí i. Àfi tí iná bá di àwọ̀ ewé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Mo ti sáré lọ yá àpótí ohùn ọ̀rẹ́ mi, bí tiwa bá lọ yarí.

Ẹ ó ní èmi ni mo tẹ kọ̀ǹpútà. Orí ìyá wa, ìka mi kàn ń kọjá lọ ni. Ẹ gbà mí gbọ́ jàre!