Ilẹ̀ Tí Mo Pè Ní Igbó Lásán

Bàámi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Delta níbí. Mo kí Màámi, mo sì kí Ìyá Ìdòfin, ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́?

Ara mi le. Iná gáàsì tí wọ́n ń jó lẹ́bàá ìlú yìí kì í kú, tọ̀sán tòru. Ní Ìlọ́fà, bí iná bá dé, a ó hó yè; níbí, àdúrà tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé kí iná kú. Àkùkọ kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ mọ́. Ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ, bí akọ̀wé káńsù ṣe ń dé ibi iṣẹ́. Àwọn obìnrin ń sá ẹ̀gẹ́ sẹ́bàá iná náà. Wọ́n ní ó ń tètè gbẹ. Ewé iṣu tó wà nítòsí náà ń tètè gbẹ.

Mo dá wà, ṣùgbọ́n Màmá Ejiro, opó tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ń fi píjìn bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ gáàsì rán mi lọ ya máàpù ọ̀nà tí páìpù tuntun yóò gbà. Mo dé ilẹ̀ kan, koríko ibẹ̀ ga jù mí lọ. Ọ̀gá ní kí n kọ "igbó lásán" sí i. Mo kọ ọ́. Òfin ní kí wọ́n bá olóko jókòó kí páìpù tó gba oko rẹ̀. Igbó lásán kò ní olóko, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń bá jókòó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Ejiro ní ilẹ̀ òun yóò ti sinmi tó lọ́dún tó ń bọ̀, òun yóò padà gbin iṣu sí i. Mo bi í pé níbo ni. Bó ṣe júwe rẹ̀, mo mọ̀ pé ilẹ̀ tí mo pè ní igbó lásán ni. Èmi tí mo rí yín tí ẹ fi ilẹ̀ ọ̀nà Odò-Ọwà sílẹ̀ fọ́dún mẹ́rin kó lè sinmi! Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọmọ àgbẹ̀ lo pe ara rẹ fún mi."

Nígbà tí ìsìpẹ́kítọ̀ ìjọba dé láti wá fọwọ́ sí máàpù, mo mọ̀ pé wọ́n lè lé mi níbi iṣẹ́, síbẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ bá mi wọ inú koríko náà. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, ó kọsẹ̀. Ní ìkẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó bi mí pé kí ló wà nílẹ̀. Mo ya koríko, ebè àtijọ́ tò lọ lẹ́sẹẹsẹ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ebè kì í dá ara rẹ̀ kọ."

Ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní bàtà rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé "igbó lásán".

Wọ́n ti bá Màmá Ejiro jókòó. Ó kọ̀, páìpù yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ títì. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ara tù mí gan-an. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n tún gbogbo máàpù yòókù yẹ̀ wò, kí n máa fẹsẹ̀ wá ebè. Ní ti iná gáàsì tí kì í kú, ìsìpẹ́kítọ̀ ní ìwé tí wọn yóò fi pàṣẹ pé kí wọ́n pa á ti wà lọ́fíìsì. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀.

Màmá Ejiro ti fún mi ní igun kan nínú ilẹ̀ náà. Ó ní iṣu ọ̀dọ̀ wa kò lè tó tiwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èèbù iṣu rán ẹni tó bá ń bọ̀ lápá ibí, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣà á. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi, ó ti di ti Ìlọ́fà.

Kí Olúwa jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ kó sinmi jẹ́ tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá padà sí i. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre